Àwo Àmàlà Kan, Ìjọba Ìbílẹ̀ Mọ́kànlá: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Alága Ilẹ̀ Ìbàdàn

Sí ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá tó wà ní ilẹ̀ Ìbàdàn, àti ẹ̀yin kánsẹ́lọ̀ tí ẹ jọ ń tukọ̀ ìlú,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú àbójútó.

Olóúnjẹ ni mí. Àmàlà ni mò ń tà, pẹ̀lú ewédú àti gbẹ̀gìrì, fún dírẹ́bà, bíríkìlà, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ráyè dáná nílé. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé láìpẹ́ yìí, ìjọba ìbílẹ̀ kan nínú yín rán òṣìṣẹ́ jáde sójú títì. Wọ́n da ata àti tòmátì àwọn ìyá tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà sínú ọkọ̀, wọ́n sì gbé e lọ. Ẹni tó ń ta ata fún mi wà lára wọn. N kò ní dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ náà, torí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá ju ti ẹnì kan lọ. Wọ́n ní àwọn ti kìlọ̀ fáwọn obìnrin náà tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wọ inú ọjà. Owó ìsọ̀ tí wọ́n ń bèèrè nínú ọjà yẹn ju gbogbo owó ọjà tó wà lórí àtẹ wọn lọ. Kí wọ́n dá owó ẹrù náà padà fún wọn, kí wọ́n sì fi ibi tí wọ́n lè pàtẹ sí hàn wọ́n. Èyí kò nílò ìpàdé kankan.

Mi ò sọ pé kí ọjà kún títì. Mọ́tò ń pa èèyàn lẹ́bàá ọ̀nà, gbogbo wa la mọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ibi lílé àti gbígba owó nìkan ni a ti sábà máa ń rí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Wọ́n á lé aláta, wọ́n á já tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹlẹ́lùbọ́, wọ́n á ti ìsọ̀ alápatà. Ètò tí yóò mú kí oúnjẹ wọ̀lú láìbàjẹ́, kó mọ́, kí tálákà lè rà á, kí àgbẹ̀ tó gbìn ín náà sì jèrè, n kò tíì rí ẹni tó gbé e ka iwájú wa.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni oríkì ìlú yìí. Ìbàdàn, ọmọ ajòro-sùn, ajẹ̀gbín-yó, ọmọ afìkarahun-fọ́rí-mu. Àwọn baba wa tó sá gorí òkè nígbà tí ogun tú ìlú àkọ́kọ́, èso òro àti ìgbín ni wọ́n fi gbé ẹ̀mí ró, ìkarahun ìgbín ni wọ́n sì fi mu ẹ̀kọ. Ìlú tó bẹ̀rẹ̀ báyẹn kò yẹ kó fi ọ̀rọ̀ ikùn sílẹ̀ fún ẹni tó bá lágbára jù.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó ní ẹsẹẹsẹ.

1. Òfin ti fi oúnjẹ sọ́wọ́ yín

Ẹ ṣí Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 sí Àfikún Kẹrin. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n kà síbẹ̀: dídá ọjà sílẹ̀, títọ́jú rẹ̀ àti ṣíṣètò rẹ̀, ilé ìpẹran, ibùdókọ̀, ilé ìyàgbẹ́ gbogboògbò, ìdọ̀tí kíkó, ọ̀nà àdúgbò àti gọ́tà, ìsọ̀, ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì àti ibikíbi tí wọ́n bá ti ń ta oúnjẹ fáráàlú. Wọ́n tún ní kí ẹ̀yin àti ìjọba ìpínlẹ̀ jọ mójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀. Láti oko dé ẹnu, kò sí ibi tí òfin ò ti dárúkọ yín.

Tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa ni pé owó kì í dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Agẹmọ 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró mọ́. Bí owó náà kò bá tíì máa dé bí ilé ẹjọ́ ṣe wí, ẹ jáde sọ fún wa, a ó bá yín bèèrè rẹ̀. Bó bá sì ń dé, ẹ fi èyí tó bá ọjà lọ hàn wá.

2. Ẹ bá mi tọ ipasẹ̀ àwo kan

Ẹ̀lùbọ́ tí mò ń rò wá láti Òkè-Ògùn, láti apá Ṣakí, Ìgbòho àti Kíṣì. Alájàpá ló lọ rà á lóko, ó gbé e wá sí ọjà Bódìjà, alárobọ̀ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó kàn mí. Ẹ̀wà gbẹ̀gìrì wá láti Òkè Ọya. Ata àti tòmátì náà, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, Òkè Ọya ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Ẹran wá láti Kárà Akínyẹlé, ọjà màlúù. Ewédú nìkan ló jẹ́ ọmọ ìgboro: àkùrọ̀ ni wọ́n ti ń já a, létí odò tó la àárín ìlú kọjá. Kí àwo yẹn tó délẹ̀ níwájú bíríkìlà, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti gba abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ púpọ̀ kọjá nínú yín, oníkálukú sì fi ojú tirẹ̀ nìkan wò ó.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ fa gbogbo ọ̀wọ́n yìí. Ní oṣù Okúdù 2024, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé owó oúnjẹ ní Nàìjíríà ti fi 40.87% ju ti oṣù Okúdù ọdún tó ṣáájú lọ. Owó epo tó fò sókè lẹ́yìn tí wọ́n yọ ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Ẹ̀bìbì 2023 wà nídìí rẹ̀, náírà tó wálẹ̀ wà níbẹ̀, àìrójú-lọ-sóko wà níbẹ̀. Àbùjá ni wọ́n ti lè dáhùn ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tí ẹ̀yin lè dáhùn.

Ẹ wo tòmátì. Ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ti ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ pé nínú tòmátì tí a ń gbìn ní orílẹ̀-èdè yìí, bí 45 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó jẹ ẹ́. Apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń kó o, wọ́n á tò ó lé ara wọn, èyí tó wà nísàlẹ̀ á fọ́, ooru á mú èyí tó wà láàárín. Nígbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń tú u sí, nínú oòrùn tàbí nínú òjò, kò sí òrùlé, kò sí ibi tútù tí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ sí di ọjọ́ kejì. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, aláta á tà á ní ẹdínwó nítorí kó má bàa jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́, nígbà tó bá sì di àárọ̀, á fi owó èyí tó jẹrà lé owó èyí tó kù. Tálákà ló ń san owó tòmátì tó wà lórí ààtàn.

Àwọn tó mọ ọ̀nà àbáyọ ń gbé láàárín wa. Àjọ ìwádìí tó ń rí sí ìtọ́jú irè oko lẹ́yìn ìkórè, NSPRI, ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn níbí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé kéréètì oníke dáa ju apẹ̀rẹ̀ lọ. NIHORT, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀fọ́ àti èso, ti wà ní Jẹ́ríkò láti 1975. IITA, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ti wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ láti 1967. Moor Plantation, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní apá Apata, Yunifásítì Ìbàdàn fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn ti ọjà Bódìjà. Ará ìlú mìíràn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá kẹ́kọ̀ọ́ nílé wa! Kí ẹ kọ ilé olórùlé tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì fún títú ata àti tòmátì ní ọjà ńláńlá, kí ẹ ra kéréètì tí àwọn oníṣòwò yóò máa fi owó díẹ̀ yá, kí ẹ sì ní kí àwọn onímọ̀ wọ̀nyí wá dúró ti ìyá aláta nínú ọjà. Inú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kọ́ ni kí wọ́n ti kọ́ ọ.

3. Tíkẹ́ẹ̀tì

Òfin tí wọ́n ṣe lórí owó-orí àti owó ìjọba mìíràn ní 1998 sọ ọ́ ní pàtó pé ẹnikẹ́ni, ìjọba pàápàá, kò gbọdọ̀ dábùú ọ̀nà láti gba owó. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ dírẹ́bà èyíkéyìí tó ń kó ẹ̀lùbọ́ tàbí iṣu wọ̀lú. Á kó ìdì ìwé jáde fún yín: ti ibi tó ti gbéra, ti ibi tó gbà kọjá, ti ẹgbẹ́, ti ibùdókọ̀, ti ẹrù sísọ̀. Àwọ̀ wọn yàtọ̀, orúkọ wọn yàtọ̀. Iye tí wọ́n kọ sórí òmíràn kò tó iye tí wọ́n gbà.

Ta ló ń san án? Dírẹ́bà á fi lé owó ọkọ̀. Alájàpá á fi lé owó ẹ̀lùbọ́. Èmi á fi lé owó òkèlè, tàbí kí n bu òkèlè náà kéré. Bíríkìlà tó jókòó síwájú àwo ló san gbogbo rẹ̀, òun ni kò sì rí ẹni tó máa fi lé. Ti inú ọjà tún wà lọ́tọ̀, èyí tí ìyá tó tẹ́ ẹ̀fọ́ sórí àpò ń san lójoojúmọ́, bó tà, bí kò tà.

Owó ọjà la fi ń tọ́jú ọjà, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n kí pátákó gàgàrà wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n kọ irú owó tó bófin mu sí, iye rẹ̀, ẹni tó ń gbà á, iye tó wọlé lóṣù tó kọjá àti ohun tí ẹ fi ṣe. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ kọ ọ́ ní Hausa. Lórí ọkọ̀ oúnjẹ, mo fẹ́ kí ẹ̀yin mọ́kànlá fẹnu kò sí ìwé kan ṣoṣo: kí ọkọ̀ tó bá ti san án níbi tó ti wọ ilẹ̀ Ìbàdàn máa lọ lálàáfíà dé ibi tó ń lọ.

4. Ẹran

Ní oṣù Okúdù 2018, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn alápatà Bódìjà kó lọ sí ilé ìpẹran àpapọ̀ ní Amósùn, ní Akínyẹlé, ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín wọn àti ọlọ́pàá, ẹ̀mí sọnù. Ìmọ́tótó tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fẹ́ kó wọn lọ dára. Ikọ́ ẹ̀gbẹ wà tó máa ń ṣe màlúù, tí èèyàn sì lè kó láti ara rẹ̀, kò sì sí olóúnjẹ tó fẹ́ràn oníbàárà rẹ̀ tí kò ní fẹ́ kí dókítà ẹran yẹ màlúù wò kí wọ́n tó pa á àti lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á. Ìbéèrè alápatà kékeré ni kò rí ìdáhùn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn: báwo ni màá ṣe gbé ẹran láti Akínyẹlé dé ìgboro lójoojúmọ́? Èló ni? Ta ló máa san án?

Ẹ jáde láàárọ̀ kùtù, ẹ máa rí ohun tí àìdáhùn yẹn ń fà. Ẹran wà nínú búùtù ọkọ̀ kékeré, ẹran wà lẹ́yìn ọ̀kadà, eruku ọ̀nà sì ń bà lé e títí yóò fi dé orí tábìlì alápatà. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀nà tún sọ ọ́ di ìdọ̀tí. Kí ẹ jọ dá owó, kí ẹ ra ọkọ̀ onífíríìjì tí yóò máa gbé ẹran láti ilé ìpẹran lọ sí ọjà ìgboro, kí àwọn alápatà máa san owó rẹ̀ ní ìwọ̀n tí apá wọn ká. Òfin tuntun yòówù tó bá fẹ́ jáde lórí ẹran, ẹ bá ẹgbẹ́ alápatà jókòó kó tó jáde.

Ọ̀rọ̀ àwa olóúnjẹ náà kù síbẹ̀. Wolé-wolé wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ rán wọn wá, a ò sá. Kí wọ́n wá wo kànga wa, ibi tí a ti ń fọ abọ́, ọwọ́ àwọn ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́. Kí wọ́n kọ́ wa ní ohun tó kù díẹ̀ káàtó kí wọ́n tó kọ owó ìtanràn, kí ẹni tó bá ṣe dáadáa sì gba ìwé ẹ̀rí tí oníbàárà lè kà lára ògiri.

5. Kóńgò

Kóńgò ẹ̀wà kan ní ọjà yìí kì í ṣe kóńgò kan ní ọjà kejì. Òmíràn wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹ gbé òṣùwọ̀n tó péye sọ́dọ̀ Ìyálọ́jà ní ọjà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lọ wọn ohun tó rà. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni.

6. Ilẹ̀ oko àti àkùrọ̀

Ẹ̀yin mẹ́fà tí ẹ yí ìgboro ká, Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá, Ọ̀nà Àrà, Ìdó àti Olúyọ̀lé, ẹ̀yin ni mò ń bá wí báyìí. Oko tó ń bọ́ ìgboro láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ń di pulọ́ọ̀tì lójú yín. Òpópónà tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń ṣe yí Ìbàdàn ká, tí gígùn rẹ̀ tó 110 kìlómítà, ilẹ̀ yín ló ń gbà kọjá. Ọ̀nà dára, ọ̀nà ló ń gbé irè oko wọ̀lú. Àmọ́ ọ̀nà kì í dé kí onílẹ̀ má tẹ̀lé e, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì ya ibi ìdáko sọ́tọ̀ báyìí, nígbà tí iṣẹ́ bá fi máa parí, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ tí à ń rà láti ẹ̀yìn odi máa di ohun tí ọkọ̀ ń gbé wá láti ọ̀nà jínjìn. Owó ọkọ̀ yẹn, ẹ ti mọ ẹni tó máa san án.

Nínú ìgboro, àkùrọ̀ ló kù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbin ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ létí odò kò ní ìwé ilẹ̀, kò sì sí ẹni tó kà wọ́n sí àgbẹ̀. Omi odò náà ni wọ́n fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, omi tí a ti da ìdọ̀tí ilé àti ti ọjà sí. Ìdọ̀tí yẹn kan náà ló ń dí Ògùnpa àti àwọn odò yòókù nínú òjò. A ò tíì gbàgbé ọjọ́ 26 oṣù Ògún 2011, nígbà tí àgbàrá gba ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún nínú ìlú yìí. Ilẹ̀ àkùrọ̀ tí a kò kọ́lé sí máa ń gba omi dúró. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́, ẹ fún wọn ní ìwé tó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀, ẹ yẹ omi wọn wò, ẹ gbẹ́ kànga fún wọn níbi tí odò bá ti bàjẹ́ jù.

Ìdọ̀tí ọjà náà wúlò. A ti ṣe é rí ní Bódìjà, nígbà tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn bá ìjọba dá ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Pacesetter sílẹ̀, tí wọ́n ń fi ewé, èèpo àti ìgbẹ́ màlúù inú ọjà ṣe ajílẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò lówó ajílẹ̀ olóyìnbó ń bẹ ní Lágelú, èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń jó lórí ààtàn ní ìgboro. Ẹ̀yin alága ìgboro àti ti Lágelú kò ha lè bára yín sọ̀rọ̀ ni?

7. Ẹ jókòó sí tábìlì kan

Mo fi èyí ṣe ìkẹyìn torí òun ni gbogbo ìyókù rọ̀ mọ́. Ní oṣù Èrèlé 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣàṣà, èèyàn kú, ilé àti ìsọ̀ jóná, ìjọba sì ti ọjà pa. Kí oṣù náà tó parí, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù tó ń kó ọjà wá láti Òkè Ọya dá ọkọ̀ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Àlùbọ́sà gbówó lórí, tòmátì gbówó lórí, màlúù wọ́n. Àwọn gómìnà ló sáré sókè sódò títí ọ̀rọ̀ fi yanjú. N kò gbọ́ pé ìgbìmọ̀ ìlú kankan ń pàdé tẹ́lẹ̀, níbi tí aláta Yorùbá, oníṣòwò Hausa, alábàárù àti onílé ti lè jọ sọ ohun tó ń bí wọn nínú kó tó di ogun. N kò tíì gbọ́ pé ó wà títí di òní, oúnjẹ wa sì ṣì ń gba ọ̀nà kan náà wọlé.

Àwọn ìlú mìíràn ti ṣe ohun tí mò ń sọ yìí. Ní 1993, ìjọba ìlú Belo Horizonte ní Bràsíìlì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju oúnjẹ aráàlú lọ. Wọ́n fún àgbẹ̀ ẹ̀bá ìlú láyè láti wá tà fún aráàlú fúnra wọn. Wọ́n ṣí ilé oúnjẹ tí tálákà ti lè jẹun yó lówó pọ́ọ́kú. Wọ́n ń kó iye owó oúnjẹ jọ láti ọjà dé ọjà, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ sí ibùdókọ̀, wọ́n ń kà á lórí rédíò. Owó tí wọ́n ń ná sí i kò tó 2% owó ìlú. Nairobi, ní Áfíríkà níbí, ṣe òfin ní 2015 tó fọwọ́ sí iṣẹ́ àgbẹ̀ nínú ìgboro. Ìyà jẹ wọ́n bó ṣe ń jẹ wá. Àwọn àgbà ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Àwọn ìjọba ìlú wọ̀nyẹn ti mú un bíi iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bèèrè ni Ìgbìmọ̀ Oúnjẹ kan ṣoṣo fún gbogbo ilẹ̀ Ìbàdàn, tí ẹ̀yin mọ́kànlá àti àwọn alága LCDA, ìyẹn àwọn agbègbè ìdàgbàsókè tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, yóò jọ gbé kalẹ̀, tí ẹ ó jọ dá owó sí. Kí àwọn Ìyálọ́jà wà nínú rẹ̀, kí àgbẹ̀ ẹ̀yìn odi àti alákùrọ̀ wà nínú rẹ̀, alápatà, alájàpá, dírẹ́bà, alábàárù, oníṣòwò Òkè Ọya, olóúnjẹ, dókítà ẹran àti onímọ̀ ìwádìí. Ìdajì wọn ó kéré tán, kí wọ́n jẹ́ obìnrin, torí obìnrin ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Kí wọ́n máa pàdé lóṣooṣù, kí wọ́n máa ka ohun tí wọ́n fẹnu kò sí lórí rédíò Ìbàdàn ní èdè wa, kí wọ́n sì máa ka iye owó oúnjẹ láti Bódìjà, Ṣàṣà, Ọjà Ọba, Mọ́níyà àti Ọ̀mì-Adió lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí àgbẹ̀ tó wà lóko mọ iye tí wọ́n ń ta ohun tó kórè kí alájàpá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìparí ọdún ni ìjọba ń kọ ìṣirò owó ọdún tuntun. Kí oṣù Bélú tó parí, kí ẹ tó fọwọ́ sí tiyín, ẹ pe ìpàdé ìtagbangba sí Gbọ̀ngàn Mápó. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yín mú ìwé dání wá, tó fi iye tó gbà lọ́wọ́ ọjà lọ́dún yìí hàn, pẹ̀lú iye tó ná padà sínú ọjà. Àwa ọlọ́jà á ti ìsọ̀ wa lọ́jọ́ náà, a ó sì wá.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Olóúnjẹ kan nílùú Ìbàdàn